Fún àbúrò tó fẹ́ wọ ẹgbẹ́ àwọn tó ń fò láti inú bàálù

Àbúrò mi, mo ti ka ìbéèrè rẹ lẹ́ẹ̀mejì. O ní o ti fò lẹ́ẹ̀kan, wọ́n dè ọ́ mọ́ àyà olùkọ́, ó sì dùn mọ́ ọ débi pé o fẹ́ kọ́ ọ títí wàá fi gba láísẹ́ǹsì. O ní àwòrán àwọn 400 èèyàn tó di ara wọn mú lójú ọ̀run Udon Thani, ní Thailand, ní 2006, kò kúrò lọ́kàn rẹ. O wá ń béèrè pé: ṣé wọ́n á gba ẹni tí kì í mutí mọ́ra? Ṣé ọmọ Yorùbá kan ṣoṣo kò ní dá wà láàárín wọn? Ìfò mélòó lèèyàn máa fò kó tó lè bá àwọn yòókù fò pọ̀?

Florida ni mò ń gbé, ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Irin wà nínú ẹsẹ̀ òsì mi nítorí rẹ̀. Torí náà, gbọ́ tẹnu mi.

Ká kọ́kọ́ mú ti ọtí. Mùsùlùmí ni mí, ọtí kì í kan ẹnu mi. Àṣà wọn ni pé ohunkóhun tí o bá ṣe fún ìgbà àkọ́kọ́, ìwọ lo máa ra bíà fún gbogbo ilé. Ọjọ́ tí o kọ́kọ́ dá fò, bíà. Ọjọ́ tí o kọ́kọ́ fẹsẹ̀ méjèèjì balẹ̀ láìfi ìdí wọ́lẹ̀, bíà. Kódà bí ọ̀rọ̀ yẹn bá kàn ṣèèṣì bọ́ lẹ́nu rẹ, pé "èyí ni àkọ́kọ́ mi," wàá gbọ́ tí gbogbo wọn á pariwo lé ọ lórí. Nígbà tí mo gbọ́ èyí, mo fẹ́ padà sílé. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Atlanta ló ní kí n má ya òpè, pé ta ló ní èèyàn ò lè fi oúnjẹ ṣe é. Mo gbé kúlà búlúù kan, mo kó mọ́ọ̀tì sí i, mo se mọ́ínmọ́ín ọgbọ̀n, mo gbé e lọ. Wọn ò ju ogún ìṣẹ́jú lọ tí wọ́n fi jẹ ẹ́ tán. Láti ọjọ́ yẹn, tí mo bá ṣe nǹkan tuntun, mọ́ínmọ́ín ni wọ́n ń pariwo. Ohun tí wọ́n ń wò ni bóyá wàá dúró bá wọn yọ̀, àbí wàá wọ mọ́tò lọ sílé bí ẹni tó wá ra epo.

Ẹnikẹ́ni kì í sì í ṣí ìgò kí bàálù tó gbé àwọn tó kẹ́yìn lọ. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kò gbà kí ẹni tí ọtí ń pa fò. Tí o bá rí ibi tí wọ́n ti ń mu ún ní ọ̀sán gangan tí bàálù ṣì ń gòkè, gbé àpò rẹ, wá pápá ìfò mìíràn.

Ti jíjẹ́ ọmọ Yorùbá kan ṣoṣo: òótọ́ ni, a ò pọ̀. Oṣù mẹ́rin ni mo lò kí n tó rí aláwọ̀ dúdú mìíràn lórí pápá. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Team Blackstar, àwọn aláwọ̀ dúdú tó ń fò ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní 2014. Wá wọn. Àwọn òyìnbó tó kù, àwọn kan ò ní mọ orúkọ rẹ pè, wọn ò sì ní gbìyànjú. Má jẹ́ kí wọ́n gé e kúrú. Kọ́ wọn.

Ti ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Wàá jókòó nínú kíláàsì lọ́jọ́ kan, wàá fọwọ́ sí ìwé rẹpẹtẹ, olùkọ́ á dì ọ́ mú bọ́ sílẹ̀ nígbà àkọ́kọ́, nígbà tó bá yá wọ́n á fi ọ́ sílẹ̀. Wọ́n á sọ gbogbo rẹ̀ fún ọ.

Ohun tí wọn ò ní sọ fún ọ ni pé ilẹ̀ ni ọ̀rẹ́ wà. Lókè, bí ìṣẹ́jú kan péré lo ní kí o tó ṣí páráṣúùtù, atẹ́gùn ń hó létí rẹ, kò sẹ́ni tó lè bá ẹnìkejì rẹ̀ sọ̀rọ̀. Inú gbọ̀ngàn tí a ti ń di páráṣúùtù ni èèyàn ti ń di èèyàn. Òyìnbó ẹni ọdún 68 kan ló kọ́ mi bí a ṣe ń dì í. Gbogbo wọn ń pè é lórúkọ, mi ò lè ṣe é, ẹnu mi kọ̀ ọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Baba, kí oṣù tó parí gbogbo pápá ti ń pè é ní Baba. Ó kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì, ó gbé okùn kọ́ èjìká, ó ń ṣí ihò aṣọ náà wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka owó. Ó kàn mí. Mo tẹ́ ẹ sílẹ̀, aṣọ náà ń yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi bí ẹja àrọ̀, bí mo ṣe ń ká apá kan ni afẹ́fẹ́ ń wú apá kejì. Ó ní kí n sùn lé e, kí n fi àyà fún afẹ́fẹ́ jáde. Ọkùnrin méjì lórí kápẹ́ẹ̀tì, a sùn lé aṣọ. Kí n tó rí i kì bọ àpò, ó ti gbọ́ nípa ìyá mi ní Ìwó àti orúnkún tó ń dà á láàmú, èmi náà sì ti gbọ́ pé ìyàwó rẹ̀ náà ń fò, àti pé nígbà tó kú, àwọn tó wà nínú gbọ̀ngàn yẹn ló gbé eérú rẹ̀ gòkè, tí wọ́n tú u síta bí wọ́n ṣe ń já bọ̀. Èmi tí ó jẹ́ pé lọ́jọ́ náà gan-an là ń sin òkú tiwa, mi ò mọ ohun tí mo lè sọ. Mo kàn ń ká aṣọ lọ.

Àwọn kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ iṣẹ́ wọn láti bá ọ dì í, wàá fún wọn lówó. Má fi ṣe ìwà. Ẹni tó bá ń sanwó fún dídì ní gbogbo ìgbà, orí fóònù ló máa ń jókòó sí láàárín ìfò kan sí èkejì.

Ó yá, ẹsẹ̀ mi. Èyí ni mo torí rẹ̀ ń kọ̀wé yìí gan-an.

Ìfò mi kejìlélọ́gbọ̀n ni. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo ti gba láísẹ́ǹsì, orí mi sì wú. Nígbà tí mo jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ìlànà USPA, ẹgbẹ́ àwọn afò ní Amẹ́ríkà, ni pé tí afẹ́fẹ́ ilẹ̀ bá ti kọjá máìlì 14 láàárín wákàtí kan, akẹ́kọ̀ọ́ ò gbọdọ̀ gòkè. Wọ́n á ní kí o jókòó, o ò ní jà. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí o bá gba láísẹ́ǹsì, nọ́ńbà yẹn kò dè ọ́ mọ́, ìwọ fúnra rẹ lo máa sọ pé rárá. Ẹni tó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ọ̀rẹ́, rárá a máa wúwo lẹ́nu rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, afẹ́fẹ́ ń lu 20, ó ń lu 22. Mẹ́rin nínú àwọn ọ̀rẹ́ mi tuntun ti wọ àpò wọn, wọ́n ní ààyè kan ló kù nínú bàálù, máa bọ̀ jàre, má jẹ́ ká dá lọ. Baba jókòó sábẹ́ òrùlé, ó ń wo àpò aṣọ tó ń júwe atẹ́gùn lórí òpó, ó le gbagidi. Kò pariwo lé mi. Ó ní, "Èmi ń mu kọfí," ó fọwọ́ gbá àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo rí ọwọ́ yẹn. Mo rí i dáadáa. Mo sì lọ.

Nínú bàálù, kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn, a máa ń na ọwọ́ síra wa: àtẹ́lẹwọ́ yọ́ lórí àtẹ́lẹwọ́, lẹ́yìn náà ẹ̀ṣẹ́ kan ẹ̀ṣẹ́. Gbogbo èèyàn pẹ̀lú gbogbo èèyàn, àti ẹni tí o mọ̀ àti ẹni tí o ò mọ̀, wọ́n á sì wo ojú rẹ. Ọjọ́ náà ó dùn mọ́ mi bí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Mo rò pé mo ti di ọmọ ilé.

Páráṣúùtù mi ṣí dáadáa. Ìyẹn ló máa ń dun àwọn èèyàn láti gbà: nǹkan kan ò bàjẹ́. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń ṣèṣe, tó ń kú pàápàá, páráṣúùtù tó ṣí dáadáa ló wà lórí wọn. Mo dojú kọ atẹ́gùn, mo wá rí i pé ẹ̀yìn ni mò ń lọ. Odi wáyà kan ń bọ̀ lẹ́yìn mi. Ẹ̀rù bà mí, mo fa okùn ọ̀tún wálẹ̀ pátápátá kí n lè yí kúrò níbẹ̀, mi ò sì ga ju òrùlé ilé alájà méjì lọ mọ́. Páráṣúùtù tí o bá fà báyẹn máa ń kọrí sílẹ̀. Mo gbọ́ ìró ọrùn ẹsẹ̀ mi bí igi gbígbẹ tí wọ́n ṣẹ́ fún iná. Atẹ́gùn sì tún gbá aṣọ náà, ó ń wọ́ mi lọ lórí koríko. Obìnrin kan tí a jọ máa ń dì í nínú gbọ̀ngàn ló sáré já, ó sùn lé aṣọ náà gbalaja títí afẹ́fẹ́ fi jáde nínú rẹ̀.

Ẹ wo ilé ìwòsàn. Wákàtí mẹ́fà. Dókítà tó kọ́kọ́ wò mí bi mí pé kí ló lé mi jáde nínú bàálù tí kò ní àrùn, ó pe ẹlòmíì wá gbọ́ ọ, wọ́n rẹ́rìn-ín. Egungun mi ń wò wọ́n. Irin pẹlẹbẹ kan, skúrúù méje. Lẹ́yìn èyí ni àwọn inṣọ́ránsì bẹ̀rẹ̀. Wọ́n kọ̀wé sí mi pé àwọn fẹ́ mọ̀ bóyá eré eléwu wà lára ohun tí àwọn ń san. Mo pè wọ́n. Orin ni mo ń gbọ́ fún ìṣẹ́jú 50, ẹni tó gbé e ní kì í ṣe ẹ̀ka tòun, ó tún dá mi padà sínú orin. Mo fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́, wọ́n ní kò dé. Mo tún fi ránṣẹ́, wọ́n ní ó dé ṣùgbọ́n ojú ìwé kejì kò sí níbẹ̀. Ojú ìwé kejì tí mo di pọ̀ mọ́ àkọ́kọ́ fúnra mi! Oṣù márùn-ún ni wọ́n fi jẹ mí níyà kí wọ́n tó san díẹ̀. Ilé ìkẹ́rù ni mò ń ṣiṣẹ́, ìdúró ni iṣẹ́ mi, ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ni mi ò fi lè dúró. Àbúrò mi, kí o tó san kọ́bọ̀ fún ẹ̀kọ́ yìí, kọ̀wé sí àwọn inṣọ́ránsì rẹ, bi wọ́n bóyá wọ́n ń sanwó fún ẹni tó bá fara pa níbi fífò, kí wọ́n sì dá ọ lóhùn lórí ìwé. Má gba ti ẹnu. Tọ́jú ìwé náà.

Obìnrin tó sùn lé aṣọ yẹn gbé àṣíborí mi lé itan fún wákàtí mẹ́fà náà, kò dìde àfi ìgbà tó lọ bá mi wá omi. Baba ń wá ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, ó ń bá mi da ìdọ̀tí nù, ó ń gbé mi lọ síbi tí wọ́n ti ń na ẹsẹ̀ mi. Kò mẹ́nu ba àga yẹn rí títí di òní. Àwọn ará gbọ̀ngàn gbé àṣíborí káàkiri, wọ́n san owó ilé mi oṣù kan. Nínú àwọn mẹ́rin tó ní kí n máa bọ̀, ẹnì kan wá, ó sunkún. Ẹnì kan pè. Mi ò rí àwọn méjì yòókù mọ́. Mi ò bínú sí wọn. Wọn ò tì mí. Ṣùgbọ́n mo ti mọ èwo ni ọ̀rẹ́ nínú "máa bọ̀ jàre" àti ọwọ́ tó gbá àga.

Nǹkan mìíràn tó ń bí mi nínú: kámẹ́rà. Gbogbo ọmọ tuntun ló fẹ́ gbé e sórí kó lè fi han àwọn ará ilé. USPA ní kí o fò tó 200 kí o tó gbé e. Òkìkí rẹ lè dúró. Páráṣúùtù kejì, èyí tó wà fún ọjọ́ burúkú, gbogbo ọjọ́ 180 ni ẹni tó ní ìwé àṣẹ gbọ́dọ̀ tú u yẹ̀ wò kó sì tún un dì, ní Amẹ́ríkà níbí. Tí o bá ra ti àlòkù, béèrè káàdì rẹ̀, ka déètì tó wà níbẹ̀ kí o tó kówó sílẹ̀. Tí ọjọ́ bá dé tí páráṣúùtù kejì yẹn gbà ọ́ là, ìgò ọtí ni wọ́n máa ń gbé fún ẹni tó dì í. Èmi gbé odidi ewúrẹ́ díndín lọ nígbà tí tèmi ṣẹlẹ̀ ní 2021.

Mo ti fẹ́ gbàgbé ìbéèrè rẹ kẹta. Ìfò 25 ló kéré jù fún láísẹ́ǹsì A, ìyẹn láísẹ́ǹsì àkọ́kọ́. Kó tó di ìgbà náà, olùkọ́ nìkan lo lè bá fò; lẹ́yìn rẹ̀, o lè bá ẹlòmíì. Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹnì kan, kì í ṣe mẹ́rin, kó sì jẹ́ ẹni tó ti pẹ́ níbẹ̀. Àwọn 400 ti Thailand yẹn, ẹ̀ka ẹ̀ka ni wọ́n kó wọn jọ, olúkúlùkù mọ ẹni tó máa dì mú.

Tí o bá ti mọ ọjọ́ tí o máa bẹ̀rẹ̀, sọ fún mi. Tó bá jẹ́ Florida ni, màá gbé kúlà búlúù yẹn wá. Tí afẹ́fẹ́ bá le lọ́jọ́ náà, wàá rí mi lábẹ́ òrùlé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Baba, àga kan á sì ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.