Ojú ẹja arowana mi rọ̀ sísàlẹ̀: ṣé kí n jẹ́ kí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbé e sókè?

ÌBÉÈRÈ: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Ó ti tó ọdún 3 tí mo ti ń sin ẹja arowana onífàdákà kan nínú táǹkì gíláàsì ní pálọ̀ mi. Láti bí oṣù mélòó kan, ojú rẹ̀ ọ̀tún ti rọ̀ sísàlẹ̀ bíi ti ẹni tó ń wá owó tó já bọ́, ó sì ti ba ẹwà rẹ̀ jẹ́. Mo rí i nínú fídíò pé wọ́n máa ń fi iṣẹ́ abẹ gbé irú ojú bẹ́ẹ̀ sókè ní Singapore, ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ta ẹja sì ní òun lè bá mi ṣe é. Ó ní ẹja kì í mọ ìrora. Ṣé kí n gbà fún un?

ÌDÁHÙN: Rárá o, ẹ má gbà fún un. Ẹni kẹrin tó máa bi mí ní ìbéèrè yìí lọ́dún yìí nìyí, ìdí nìyẹn tí mo fi ń dáhùn rẹ̀ ní gbangba.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ tún ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ṣe: ojú tó rọ̀ lásán kì í ṣe àìsàn. Ní agbègbè odò Amazon tí ẹja yín ti ṣẹ̀ wá, òkè omi ló máa ń wò, nítorí pé kòkòrò tó bà sórí ẹ̀ka igi ló ń fò mú. Àwọn ará Brazil tilẹ̀ ń pè é ní ọ̀bọ inú omi nítorí fífò yìí. Nínú táǹkì, oúnjẹ tó rì àti ẹsẹ̀ wa tó ń kọjá nílẹ̀ ló ń rí. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sin ín gbà pé ìyẹn ló ń fa ojú náà wálẹ̀, àwọn mìíràn ní ọ̀rá tó kó jọ sẹ́yìn ojú ló ń tì í. Èyí ó wù kó jẹ́, ẹja náà ń ríran, ó ń jẹun, kò sì mọ̀ pé ojú òun kò dọ́gba. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó sórí àga ni ojú náà ń dà láàmú. Ní Singapore, ẹja arowana ti ilẹ̀ Éṣíà ni wọ́n ń ṣe é fún, èyí tí wọ́n gbà pé ó ń mú oríire wọlé, tí ọ̀kan rẹ̀ sì lè gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là. Nítorí owó àti ìdíje ẹwà ni, kì í ṣe nítorí ìlera ẹja.

Gbólóhùn tí ọ̀rẹ́ yín sọ ni mo fẹ́ dúró lé lórí, nítorí pé òun ni gbogbo ẹni tó ń gún ẹja ní abẹ́rẹ́, tó ń gé ìrù rẹ̀, tó ń fi iná léésà kọ nǹkan sí i lára, fi ń tu ara rẹ̀ nínú. Ẹja kì í ké bí ewúrẹ́. Kò ní ìpéǹpéjú tí yóò fi dijú, ojú rẹ̀ kì í sì í fà ro bí ti ajá tó fara pa. Àmì ìrora tiwa la ń wá lára rẹ̀, nígbà tí a kò sì rí i, a ní ìrora kò sí.

Ní ọdún 2003, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Lynne Sneddon, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Scotland gbé àbájáde àyẹ̀wò wọn lórí ẹja trout jáde. Wọ́n rí ibi 58 tó ń gba ìmọ̀lára ní ojú àti orí ẹja náà, 22 nínú wọn sì jẹ́ irú èyí tó ń jí sí ohun tó lè pa ara lára, bí irú èyí tó wà lára ènìyàn. Wọ́n gún oró oyin tàbí omi kíkan sí ètè àwọn kan, wọ́n sì gún omi iyọ̀ lásán sí ti àwọn mìíràn. Àwọn tó gba omi iyọ̀ padà sídìí oúnjẹ láàárín wákàtí kan àti díẹ̀. Àwọn tó gba oró lò tó wákàtí 3 kí wọ́n tó fẹnu kan oúnjẹ. Wọ́n ń mì sọ́tùn-ún sósì nísàlẹ̀ omi, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, àwọn tí omi kíkan wà létè wọn sì ń fi ètè ha òkúta wẹ́wẹ́. Nígbà tí wọ́n fún wọn ní mọfíìnì, oògùn apàrora tó lágbára, ìṣe wọ̀nyí dín kù. Bí kò bá sí ohun tó ń dùn wọ́n, kí ni mọfíìnì náà wá pa? Nínú àyẹ̀wò mìíràn, àwọn ẹja zebrafish tí wọ́n gún ní ohun tó ń ta fi ibi tó ní ewéko àti òkúta sílẹ̀, wọ́n lọ dúró sí ibi òfìfo tí wọn kì í fẹ́ràn tẹ́lẹ̀, kìkì nítorí pé oògùn apàrora wà nínú omi ibẹ̀.

Àwọn onímọ̀ kan ṣì ń jiyàn pé ẹja kò ní irú èèpo ọpọlọ tí ènìyàn fi ń mọ̀ pé nǹkan ń dun òun. Lóòótọ́ ni kò ní i. Adìyẹ náà kò ní èyí tó rí bíi tiwa, síbẹ̀ n kò tíì rí ẹni tó máa gbọ́ igbe adìyẹ tó já sínú iná tí yóò ní kò dùn ún. Àwọn mìíràn á ní ṣebí a ń pa ẹja jẹ. Bẹ́ẹ̀ ni, èmi náà ń jẹ àrọ̀, mo sì fẹ́ kí ẹni tó ń pa á pa á kíákíá. Kí a máa fi irin tú ẹran ẹ̀yìn ojú ẹja kí àlejò lè yìn wá, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn.

Mo ti rí ibi tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń já sí. Wọ́n gbé arowana kan wá bá mi nínú kúlà tí omi rẹ̀ ti ń rùn. Ẹni tó “tún ojú rẹ̀ ṣe” ti fi ẹ̀mú ti ẹran ẹ̀yìn ojú títí awọ abẹ́ rẹ̀ fi ya. Ojú náà ti funfun bí ẹyin tí a bọ̀, nǹkan bí òwú sì ti ń hù láti ojú ọgbẹ́. Mo mú ìrẹ̀ kan sí i lápá ọ̀tún, kò yíjú. Mo mú un sí apá òsì, ó yíjú díẹ̀, ó sì tún padà síbi tó wà. Ó kú ní ọjọ́ kẹsàn-án.

Ọ̀rẹ́ yín lè sọ pé òun máa fi epo kànáfùrù kun ún lóorun. Epo kànáfùrù ń mú ẹja sùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ó bá pọ̀ jù díẹ̀, oorun náà di ikú, kò sì sí ohun tí yóò ṣe fún ìrora tó ń dúró dè é nígbà tó bá jí tán. N kò ní í kọ ìwọ̀n kankan síbí, kí ẹnikẹ́ni má bàa fi ìdáhùn mi dán an wò nílé.

Ọ̀rọ̀ kan náà ni ti glassfish, ẹja kékeré tí ara rẹ̀ mọ́ gaara débi pé èèyàn ń rí eegun rẹ̀, tí àwọn oníṣòwò ń fi abẹ́rẹ́ gún aró pupa, ewé tàbí búlúù sí lára. Ní ọdún 1998, àyẹ̀wò kan tí wọ́n ṣe ní àwọn ṣọ́ọ̀bù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi hàn pé àwọn tó ní lymphocystis, àrùn fáírọ́ọ̀sì tó ń mú kókó funfun yọ sí ẹja lára, lé ní 40 nínú 100 láàárín àwọn tí wọ́n gún láró, tí wọn kò sì tó 10 láàárín àwọn tí wọn kò gún. Aró náà sì máa ń ṣí láàárín oṣù díẹ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé tí ẹ wà ní England tàbí Wales, òfin Animal Welfare Act 2006 ka ẹja mọ́ ẹranko tó dáàbò bò, kò sì gba kí ènìyàn dá ọgbẹ́ sí ẹran ara tó ń mọ̀lára bí kì í bá ṣe fún ìwòsàn, àyàfi ohun tí òfin náà bá dìídì yọ sílẹ̀. Èmi kì í ṣe agbẹjọ́rò, ẹ bi agbẹjọ́rò yín kí ẹ tó gbára lé ohun tí mo kọ yìí.

Ohun tí ẹ lè ṣe rọrùn. Ẹ máa fún un ní oúnjẹ tó ń léfòó, irú bí ìrẹ̀, kí ẹ sì dín ohun ọlọ́ràá kù. Ẹ ju bọ́ọ̀lù kékeré kan sójú omi kí ó lè máa wòkè, kí ẹ sì fi ìdérí tó wúwo bo táǹkì náà, nítorí yóò fò. Ẹja yìí lè gùn tó nǹkan bí mítà kan, nítorí náà bí táǹkì yín bá kéré, ẹ fi owó iṣẹ́ abẹ náà kún owó èyí tó tóbi. Ó ṣeé ṣe kí ojú náà má padà sípò, kò sì ní í pa á lára. N kò tíì fojú rí ẹja náà, nítorí náà ẹ máa ṣọ́ ọ: bí ojú náà bá wú síta, tó ṣú bàìbàì, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ hàn níbẹ̀, a ti kúrò nínú ọ̀rọ̀ ẹwà nìyẹn. Ẹ bu omi táǹkì náà sínú ìgò mímọ́, kí ẹ sì gbé e lọ bá dókítà ẹranko lọ́jọ́ náà gan-an.