Wọ́n ní kí n lọ gba ìròyìn níbi tí ìjà ti bẹ́ sílẹ̀: kí ni kí n ṣe kí n tó lọ?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Oníròyìn ni mí ní ilé iṣẹ́ rédíò aládàáni kan ní Adó-Èkìtì. Mi ò ní lẹ́tà ìgbaniṣíṣẹ́, iye ìròyìn tí mo bá gbé wá ni wọ́n fi ń sanwó fún mi. Bí wọ́n bá jí èèyàn gbé lọ́nà Ìkọ̀lé, tàbí tí ìjà oyè bẹ́ sílẹ̀ níbì kan, èmi ni ọ̀gá máa ń rán. Ọ̀kadà ni mò ń gùn lọ. Ẹ̀rù ti ń ba màmá mi. Ṣé mo lè kọ̀? Bí nǹkan bá sì ṣe mí, ṣé ẹnikẹ́ni á dá àwọn ará ilé mi lóhùn?

Ìdáhùn: O lè kọ̀, àbúrò mi. Àmọ́ ẹni tí kò ní rí owó bí kò bá gbé ìròyìn wá kì í sábà kọ̀, mo sì mọ bí ọjà ṣe rí báyìí. Nítorí náà, ká sọ̀rọ̀ bí o ṣe máa lọ tí o sì máa bọ̀.

Bí wọ́n bá ti ní wọ́n pa oníròyìn, Délé Gíwá ló máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn wa, ẹni tí wọ́n fi bọ́ǹbù inú àpò ìwé pa n'Íkẹjà ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹwàá ọdún 1986. Òun gan-an ni wọ́n wá bá nílé. Ti ẹ̀yin tí ẹ ń sáré kiri ìgboro yàtọ̀, ìbọn tó ń pa irú yín kì í sábà mọ orúkọ ẹni. Ní ọjọ́ 22 oṣù Keje ọdún 2019, Precious Owolabi, agùnbánirọ̀ ní tẹlifíṣọ̀n Channels, ń gba ìròyìn ìkọlura ọlọ́pàá àti àwọn Mùsùlùmí Ṣíà l'Ábújá nígbà tí ọta bà á, tó sì kú. Ọ̀gá ọlọ́pàá kan kú lọ́jọ́ yẹn pẹ̀lú. Ní oṣù Kìíní ọdún 2020, nílùú kan náà, níbi ìwọ́de àwọn Ṣíà náà, ọta tún pa Alex Ogbu ti Regent Africa Times.

Má ṣe dúró sáàárín àwọn méjì tó ń kọjú ìjà síra wọn. Wá ẹ̀yìn ògiri, kí o sì ti mọ ibi tí o máa gbà sá kí o tó yọ fóònù. Rédíò ni tìẹ, ohùn lo wá gbà. Kò sídìí tí o fi gbọ́dọ̀ sún mọ́ iwájú bí ẹni tó ń ya fọ́tò.

Aṣọ iṣẹ́ ńkọ́? Má gbára lé e jù. Pẹ̀lúmi Onífádé, ọmọ 20 ọdún, wà lẹ́nu iṣẹ́ fún Gboah TV ní Agége ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020 nígbà tí àwọn agbófinró mú un. Mọ́ṣúárì ní Ìkòròdú ni wọ́n ti rí òkú rẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa ní Èkìtì, àmì ilé iṣẹ́ rédíò gan-an lè kó bá ọ, torí gbogbo ayé ló mọ olóṣèlú tó ni rédíò wo. Tọ́ọ̀gì tó bá rí àmì yẹn níbi ìpàdé ẹgbẹ́ kejì kò ní bi ọ́ léèrè pé ta ni ìwọ fúnra rẹ dìbò fún. Bó bá jẹ́ ìjà oyè, kọ́kọ́ lọ kí àwọn àgbà àdúgbò àti olórí ọ̀dọ́, ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bó bá ṣeé ṣe, kí wọ́n mọ ẹni tí o jẹ́ kí o tó tan ẹ̀rọ.

Ti ọ̀nà ló burú jù. Ìwọ náà rántí ọjọ́ 29 oṣù Kìíní ọdún 2024, tí wọ́n yìnbọn pa ọba méjì, Onímòjò àti Ẹlẹ́sùn, lójú ọ̀nà, tí wọ́n sì jí àwọn ọmọ iléèwé àti olùkọ́ wọn gbé ní Emùré lọ́jọ́ kan náà. Bí wọ́n bá pa ọba lójú ọ̀nà, oníròyìn orí ọ̀kadà ńkọ́? Pe awakọ̀ tó ń ná ọ̀nà yẹn, pe Àmọ̀tẹ́kùn tàbí ọdẹ ìlú náà kí o tó gbéra. Má ṣe lọ nírọ̀lẹ́. Ọlọ́kadà tí o mọ̀ ni kí o gbé, kó yí ojú ọ̀kadà rẹ̀ sọ́nà ilé, kó sì dúró dè ọ́. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í sí nínú igbó kan, nítorí náà dá aago fún ẹnì kan: bí mi ò bá pè ní agogo 2, pe àwọn báyìí-báyìí. Kó má jẹ́ olóòtú tó máa wà lórí afẹ́fẹ́ lásìkò yẹn. Kọ nọ́ńbà wọn sórí ìwé fún un.

Ní ti àwọn ará ilé rẹ, òfin wà. Òfin owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ tó farapa (Employees' Compensation Act) ti ọdún 2010 ní kí agbanisíṣẹ́ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ fún NSITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó owó yìí, kí àjọ náà lè sanwó fún ẹni tó bá farapa, tàbí fún ẹbí ẹni tó bá kú sẹ́nu iṣẹ́. Òfin náà kò yọ òṣìṣẹ́ onígbà díẹ̀ sílẹ̀, àdéhùn ẹnu lásán sì tó. Bí o bá farapa, jẹ́ kí ọ̀gá gbọ́ kí ọjọ́ 14 tó pé. Ọjọ́ 7 ni òun náà ní láti fi tó àjọ náà létí. Kí ọdún kan tó pé ni kí ẹ béèrè owó. Ọ̀gá rẹ lè jiyàn pé o kì í ṣe òṣìṣẹ́ òun. Ìdí nìyẹn tí o fi gbọ́dọ̀ tọ́jú gbogbo WhatsApp tó fi rán ọ níṣẹ́, àti alẹ́ẹ̀tì báńkì, kí màmá rẹ sì mọ ibi tí wọ́n wà.

Ní ti ìdájọ́ fún ẹni tó bá pani, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ l'Ábújá pàṣẹ ní ọjọ́ 16 oṣù Kejì ọdún 2024, nínú ẹjọ́ tí Media Rights Agenda, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ oníròyìn, pè, pé kí ìjọba ṣèwádìí gbogbo ìkọlù sí oníròyìn, kó sì fìyà jẹ àwọn tó wà nídìí rẹ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ NUJ, ẹgbẹ́ àwọn oníròyìn, náà, torí ohùn ẹgbẹ́ máa ń yá ọlọ́pàá lára ju ẹkún ẹbí lọ.

Bí wọ́n bá tún rán ọ, fi èyí ránṣẹ́ sí ọ̀gá kí o tó jáde: “Ẹ kú iṣẹ́, sà. Mo ti rí iṣẹ́ tí ẹ rán mi. Ta ni kí n máa pè tí mo bá dé ibẹ̀, ta ló máa wá mi bí mi ò bá pè? Ṣé orúkọ mi ti wà lọ́dọ̀ NSITF?” Bí kò bá tíì fèsì, má tíì gun ọ̀kadà.