Ewé yọ, síbẹ̀ igi kú: kí ló ṣe àwọn ẹ̀ka tí mo gbìn?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbàdàn ni mo ń gbé, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, mo sì fẹ́ kí iwájú ilé mi rẹwà. Mo gé ẹ̀ka igi òdòdó bougainvillea àti frangipani, àti ti igi masquerade, nínú ọgbà ọ̀rẹ́ mi kan. Mo po ilẹ̀dú pọ̀ mọ́ ìgbẹ́ adìẹ, mo rọ ọ́ sínú ọ̀rá, mo gbìn wọ́n, mo gbé wọn sínú oòrùn, mo sì ń bomi rin wọ́n láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Bougainvillea yọ ewé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, inú mi dùn. Kò pé oṣù kan tí gbogbo wọn fi kú. Frangipani jẹrà láti ìdí, masquerade kò tilẹ̀ mira rárá. Níbo ni mo ti ṣì í?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìbéèrè, Bàbá. Ewé tó yọ yẹn ló tàn yín jẹ. Ẹ̀ka tí a gé ní oúnjẹ díẹ̀ tó ti kó pamọ́ sára. Bí ooru àti omi bá ti kàn án, á fi oúnjẹ yẹn yọ ewé kó tó ní gbòǹgbò kan ṣoṣo. Ewé á wá máa sọ omi nù sínú afẹ́fẹ́, kò sì sí gbòǹgbò tí yóò fa òmíràn wá láti inú ilẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba gíráṣúítì, ẹ mọ bí ìnáwó ṣe rí nígbà tí owó oṣù ò wọlé mọ́. Oòrùn ló wá parí rẹ̀.

Ẹ̀gẹ́, peregún, akòko àti ìyeyè ló bà wá jẹ́. A máa ń ki igi wọn bọlẹ̀, a ó bá tiwa lọ, wọ́n á sì hù. A wá rò pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo igi ṣe rí.

Ẹ jẹ́ kí n mú bougainvillea lákọ̀ọ́kọ́, nítorí òun ló tọ́ sí wàhálà. Ẹ fi ẹ̀ka tútù tó ṣì ń rọ̀ sílẹ̀, ẹ fi ògbólógbòó náà sílẹ̀. Èyí tí ara rẹ̀ ti ń pọ́n, tó tó pẹ́ńsùlù ní sísanra, ni kí ẹ gé, kó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20, kó sì ní ojú mẹ́rin (ìyẹn ibi tí ewé ti ń yọ lára ẹ̀ka), ó kéré tán. Ọ̀bẹ mímú ni kí ẹ lò. Àdá á fọ́ ara igi, ibẹ̀ ni ìjẹrà á sì gbà wọlé. Ẹ gé ìsàlẹ̀ ní ìdàgẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ojú kan, kí ẹ gé orí ní pẹrẹsẹ, kí ẹ má baà dorí rẹ̀ kodò nígbà tí ẹ bá ń gbìn ín. Ẹ má rẹ́rìn-ín, mo ti rí i rí. Ẹ já gbogbo ewé rẹ̀ kúrò.

Ìgbẹ́ adìẹ kò ní iṣẹ́ níbí rárá. Ẹ̀ka tí kò ní gbòǹgbò kò lè jẹ ẹ́, á kàn jó o ni. Yanrìn odò tí ẹ fọ̀ dáadáa ni kó pọ̀ jù, ilẹ̀dú díẹ̀ nínú rẹ̀ ti tó. Ẹ lu ihò sídìí ọ̀rá. Ẹ ki ojú méjì sínú ilẹ̀, ẹ fi ọwọ́ tẹ ìdí rẹ̀ kó le, kí ẹ gbé e sábẹ́ igi máńgòrò tàbí ibòmíràn tí òjìji wà. Ẹ fi ọ̀rá funfun tí a lè rí inú rẹ̀ bò ó kí ọ̀rinrin má baà sá lọ. Kí ẹ tó bomi rin ín, ẹ ki ìka bọ ilẹ̀. Bó bá ṣì tutù, ẹ fi í sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí méjìlá ni yóò gbà. Bí ẹ bá ń fà á wò, ẹ ó já gbòǹgbò rẹ̀; ihò ìdí ọ̀rá ni kí ẹ máa yẹ̀ wò.

Àwọn kan á ní kí ẹ ti ìdí rẹ̀ bọ oyin. Èmi kì í lò ó. Bí ẹ bá rí ìyẹ̀fun amúgbòǹgbò-yọ rà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta òdòdó, ìyẹn ṣiṣẹ́ fún bougainvillea.

Òdìkejì ni frangipani. Omi àti ọgbẹ́ tútù ló pa tiyín. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ewé rẹ̀ ti wọ́, ni kí ẹ gé e, kó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 30. Ẹ má gbìn ín lọ́jọ́ náà: ẹ tẹ́ ẹ síbi òjìji fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì títí ojú ọgbẹ́ yóò fi gbẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ ki í sínú yanrìn, ẹ bomi rin ín lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì rọra máa wò ó. Oje funfun rẹ̀ kò dára fún ojú o, ẹ fọ ọwọ́ yín.

Ní ti masquerade, ẹ má ṣe gé e mọ́. Igi tí ẹ̀ka rẹ̀ ń wọ́ sílẹ̀ bí agọ̀ egúngún yẹn kì í sábà mú láti ara ẹ̀ka. Kóró ni wọ́n ń gbìn. Èso rẹ̀ á dúdú bó bá pọ́n, àdán á jẹ ara rẹ̀, á ju kóró sílẹ̀ lábẹ́ igi. Ẹ ṣà á ní tútù, kí ẹ gbìn ín kíá, torí kì í pẹ́ kú. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo ẹbí ọ̀pẹ tí wọ́n ń gbìn síwájú ilé: ẹ̀ka wọn kò lè hù láéláé.

Nígbà tí bougainvillea bá mú, ẹ ya ọ̀rá rẹ̀ ni, ẹ má fà á yọ. Gbòǹgbò rẹ̀ tín-ín-rín, ó sì tètè ń já. Bí ẹ bá fẹ́ mẹ́rin, ẹ gé mẹ́wàá. Èmi tí mo fi ṣe iṣẹ́, gbogbo tèmi kì í mú.