Ẹ Bi Ìyá Agbẹ̀bí: Ṣé Kí N Jà Fún Àyẹ̀wò CMV?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Mà. Ìbàdàn ni mo dàgbà sí, Peckham ni mo ń gbé báyìí, ilé ìtọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́ ni mo sì ti ń ṣiṣẹ́. Oyún mi pé ọ̀sẹ̀ 9. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi, àmọ́ ọ̀rẹ́ mi ní wọn kì í wá CMV, kòkòrò àrùn kan tó lè di ọmọ létí, nínú rẹ̀. Ṣé kí n lọ jà fún un? — Ìyàwó Tuntun

ÌDÁHÙN: Ìyàwó wa, a óò gbóhùn ìyá, a óò gbóhùn ọmọ. Má jà, bèèrè ni. HIV, hẹpatáítíìsì B àti sífílíìsì ni wọ́n ń wá nínú ẹ̀jẹ̀ yẹn. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò fi CMV sí i fún gbogbo aláboyún, lára ìdí rẹ̀ sì ni pé èsì rẹ̀ nira láti túmọ̀.

Oríṣi ọmọ ogun ara méjì ni wọ́n ń wá nínú ẹ̀jẹ̀ fún CMV: IgG àti IgM. IgG ń sọ pé kòkòrò náà ti wọ ara rẹ rí. Ẹni tó dàgbà sí Ìbàdàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé tirẹ̀ á ti wà níbẹ̀. IgM ló ń dẹ́rù bani: àrùn tuntun ló yẹ kó tọ́ka sí, àmọ́ ó lè wà lára fún ọ̀pọ̀ oṣù. Mo ti rí aláboyún tó sunkún wọlé tọ̀ mí wá nítorí IgM lásán. Bó bá jáde, kí wọ́n yẹ avidity wò, ìyẹn bí IgG ṣe ń di kòkòrò náà mú tó. Bó bá dì í mú gírígírí láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, àrùn náà ti ṣáájú oyún. Nítorí náà, nísinsìnyí ni kó o bèèrè fún àyẹ̀wò náà lọ́wọ́ GP rẹ, ìyẹn dókítà àdúgbò rẹ. Tó bá di oṣù kẹfà, èsì yẹn ò ní lè sọ ìgbà tó wọlé mọ́.

Bó bá jẹ́ tuntun lóòótọ́, ọ̀rọ̀ ti di ti dókítà àgbà. Àwọn oníṣègùn ní Ísírẹ́lì tẹ ìwádìí kan jáde ní 2020: oògùn valacyclovir, gíráàmù 8 lójúmọ́, dín àwọn ọmọ tó kó CMV nínú oyún kù láti nǹkan bí 30 nínú 100 sí 11. Ẹ má lọ rà á fúnra yín o!

Iṣẹ́ rẹ gan-an ló ń kọ mí lóminú. Nínú itọ́ àti ìtọ̀ ọmọ kéékèèké ni CMV pọ̀ sí. Àṣà ká tọ́ ògì ọmọ wò ká tún fi ṣíbí yẹn kan náà bọ́ ọ, jọ̀ọ́, fi sílẹ̀ ná. Má jẹ àjẹkù wọn. Orí ni kó o ti fẹnu kò wọ́n, kì í ṣe ẹnu. Tó o bá pààrọ̀ pampers, fi ọṣẹ fọwọ́ dáadáa. Bó o tilẹ̀ ní IgG, ṣe gbogbo rẹ̀: kòkòrò náà ń sùn sára ni, ó lè jí, oríṣi mìíràn sì lè wọlé.

Bí ọmọ bá dé tí kò yege àyẹ̀wò etí, ní kí wọ́n gba itọ́ rẹ̀ kó tó pé ọjọ́ 21. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ṣòro láti mọ̀ bóyá inú ló ti kó o tàbí lẹ́yìn ìbí.