Kí ló dé tí babaláwo fi ń dÍfá ọrọọrún?

Àbúrò mi, o ní látìgbà tí ọjà rẹ ti dẹnu kọlẹ̀ níbí l'Ákùúrẹ́ ni màmá ti ń sọ ọ́ sí ẹ létí ṣáá pé "bí òní ti rí, ọ̀la ò rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dÍfá ọrọọrún", o wá ń bi mí pé ṣé ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kó o máa ronú rere kínní ọ̀hún á fi dáa, àti pé kí tiẹ̀ ni ọrọọrún.

Jẹ́ n ti ọrọọrún bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ọ̀sẹ̀ àwọn baba wa, ọjọ́ mẹ́rin ni: ọjọ́ Ọ̀sẹ̀ tó jẹ́ ti Ọbàtálá, ọjọ́ Awo tó jẹ́ ti Ifá, ọjọ́ Ògún, àti Jàkúta tó jẹ́ ti Ṣàngó. Wà á ní tó bá jẹ́ mẹ́rin, báwo ló ṣe wá di ọrún, ṣebí ọrún ni ọjọ́ karùn-ún? Yorùbá kì í fo ọjọ́ tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà ni. Wo ìjẹta: òní kan, àná méjì, ìjẹta ló ṣe ìkẹta. Torí náà láti ọjọ́ Awo yìí dé ọjọ́ Awo tó ń bọ̀, ọrún pé nìyẹn, babaláwo tún gbọ́dọ̀ jókòó ti Ifá.

Kí ló tún fẹ́ bi Ifá tí kò tíì bi í lọ́rún tó kọjá? Ìdí òwe náà gan-an nìyẹn. Nígbà yẹn ó ti tẹ ojú odù, ìyẹn àwọn ìlà tí Ifá fi ń sọ̀rọ̀, sínú ìyẹ̀rosùn, ìyẹ̀fun igi ìrosùn, lórí ọpọ́n, ó ti fi ìbò wádìí, owó ẹyọ lọ́wọ́ kan eegun lọ́wọ́ kejì, ire ni àbí ibi, tó bá jẹ́ ibi wọ́n ti rú ẹbọ. Ṣùgbọ́n tó bá ti parí, ọwọ́ ló máa fi pa ìlà wọ̀nyẹn rẹ́, ìyẹ̀rosùn á tún tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹni pé ẹnikẹ́ni ò kọ nǹkan kan síbẹ̀ rí. Ire tó jáde lọ́rún tó kọjá ò sí níbẹ̀ mọ́, ibi náà ò sí níbẹ̀ mọ́.

Èmi ò fara mọ́ àwọn tó ń fi òwe yìí ṣe "fọkàn balẹ̀, ó máa dáa" o. "Ọ̀la á dáa", ìwúre nìyẹn, a ó sì ṣe àmín sí i, àmọ́ òwe yìí ò ṣèlérí adùn fún ẹnikẹ́ni, ó kàn ní ọ̀la ò ní rí bí òní ni. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan ń ṣe kòkó ní Ìdànrè. Ní 2024 tí kòkó gun òkè réré, tó kọjá dọ́là 10,000 lórí tọ́ọ̀nù kan lọ́jà àgbáyé, àwọn èèyàn ń ra ọ̀kadà wọ́n ń ro ilé, bàbá yìí ń fi ẹsẹ̀ yí kòkó tó sá sórí sìmẹ́ńtì, ó ní "bí òní ti rí, ọ̀la ò rí bẹ́ẹ̀ o", wọ́n ní bàbá ń ṣépè fún àwọn. Nígbà tó di 2025 tí owó kòkó já wálẹ̀, tí kálukú fajú ro, òwe kan náà ló tún fi ń tù wọ́n nínú, ohùn rẹ̀ ò tiẹ̀ yí padà.

Nítorí náà màmá ò ní kó o máa rẹ́rìn-ín tipátipá jàre. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé èsì ọjà oṣù tó kọjá, má fi ṣèdájọ́ ọjà oṣù yìí, lọ tún un wò, bóyá ibi tó o pàtẹ sí ni, bóyá ọjà yẹn gan-an ni wọn ò rà mọ́, bóyá àsìkò ni. Ẹni tó bá ti gbà pé bó ṣe máa rí títí ayé nìyí, kò ní tún un wò, kí ló fẹ́ wò?

Tí wọ́n bá tún sọ ọ́, bi wọ́n pé ọjà wo ni wọ́n máa ń ná lọ́rọọrún nígbà èwe wọn, kó o sì wá ibi jókòó dáadáa, torí wọn ò ní tètè dákẹ́.