Wọ́n Ti Gé Kókó Náà Kúrò, Kí Ni Ìtànṣán Tún Wà Fún?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni ọdún 44 ni mí, Ìbàdàn ni mò ń gbé. Oṣù tó kọjá ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi nítorí jẹjẹrẹ ọyàn. Kókó náà àti díẹ̀ nínú ẹran tó yí i ká ni wọ́n gé, wọ́n dá ọyàn sí. Dókítà ní etí ibi tí wọ́n gé mọ́, síbẹ̀ ó ní mo gbọ́dọ̀ gba ìtànṣán nígbà 15 láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìyá ọkọ mi ní iná ni, àti pé n kò gbọdọ̀ gbé ọmọ mi ọlọ́dún méjì mọ́ra títí yóò fi parí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní London sì ní ọjọ́ márùn-ún péré ni wọ́n fi ṣe ti òun. Ṣé kì í ṣe pé wọ́n kàn fẹ́ gba owó lọ́wọ́ mi?

Ìdáhùn: Ẹ kú ewu iṣẹ́ abẹ o. Ọ̀rọ̀ owó lẹ fi parí lẹ́tà yín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ etí tó mọ́ yẹn ni n ó kọ́kọ́ mú, nítorí òun ló ń ṣi ọ̀pọ̀ aláìsàn lọ́nà. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé wọn kò rí jẹjẹrẹ ní ojú ibi tí ọ̀bẹ gbà kọjá. Kò túmọ̀ sí pé kò sí èyí tó sá pamọ́ nínú ọyàn tó ṣẹ́kù, tí kò tíì tó ohun tí ọwọ́ lè bà tàbí tí ẹ̀rọ lè rí. Ẹni tó bá ti ro oko ẹ̀kan rí mọ bí gbòǹgbò rẹ̀ ṣe ń rìn lábẹ́ ilẹ̀ jìnnà sí ibi tí ewé ti yọ. Èyí tó sá pamọ́ bẹ́ẹ̀ ni ìtànṣán wà láti pa.

Ní Amẹ́ríkà, oníṣẹ́ abẹ kan tó ń jẹ́ Bernard Fisher àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní ọdún 1976, wọ́n sì tẹ̀ lé àwọn obìnrin náà fún 20 ọdún. Nínú àwọn tí wọ́n gé kókó fún láìfi ìtànṣán kún un, nǹkan bí 39 nínú 100 ni jẹjẹrẹ tún yọ sí ọyàn kan náà. Nínú àwọn tó gba ìtànṣán, nǹkan bí 14 ni. Oògùn òde òní ti mú kí iye méjèèjì dín kù, ṣùgbọ́n ìtànṣán ṣì ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ìwádìí yẹn kan náà fi hàn pé ẹ̀mí àwọn tó dá ọyàn sí kò kúrú ju ti àwọn tí wọ́n gé gbogbo ọyàn fún.

Ní ti ẹ̀gbọ́n yín, ẹnikẹ́ni kò rẹ́ yín jẹ. Tẹ́lẹ̀ rí, ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbà á: Gray 50 (Gray ni a fi ń wọn ìtànṣán tó wọ ara) tí a pín sí ìgbà 25. Àwọn ará Britain wá fi hàn pé Gray 40 nígbà 15 kò kẹ̀yìn sí i, nígbà tó sì di ọdún 2020, ìwádìí FAST-Forward, tí obìnrin tó kópa nínú rẹ̀ lé ní 4,000, fi hàn pé Gray 26 nígbà márùn-ún náà kò kẹ̀yìn. Bí iye ìgbà ṣe ń dín kù ni èyí tó ń wọlé lẹ́ẹ̀kan ń pọ̀ sí i, nítorí náà iye ọjọ́ kọ́ ni a fi ń wọn ìtọ́jú. Ẹ lè bi dókítà yín bóyá ti ọjọ́ márùn-ún bá yín mu, ṣùgbọ́n bí abíyá bá wà lára ibi tí wọn yóò tan ìtànṣán sí, ọ̀pọ̀ dókítà ṣì ń yan ti ìgbà 15.

Ẹ bá mi kí ìyá ọkọ yín, ìfẹ́ ló ń dẹ́rù bà wọ́n. Láti inú ẹ̀rọ tó wà lóde ara ni ìtànṣán yìí ti ń wá, bíi ti ẹ̀ksíréè, bí wọ́n bá sì ti pa ẹ̀rọ náà, kò sí ohun tó kù sí ara yín tó lè ran ọmọ. Ẹ gbé e mọ́ra, kí ẹ sì jọ sùn. Ìtọ́jú mìíràn wà tí wọ́n fi ń ki ohun tó ń tú ìtànṣán sínú ara, ti èyíinì ni ìkìlọ̀ ìyá ọkọ yín bá mu.

Bí ìyá ọkọ yín ṣe pè é ní iná kò jìnnà sí òtítọ́ pátápátá. Awọ ibẹ̀ lè máa yún, kó máa ta, kó sì bó, pàápàá lábẹ́ ọyàn àti ní abíyá. Lára àwa aláwọ̀ dúdú, dídúdú ló sábà máa ń dú ju kó pọ́n lọ. Ó tún máa ń rẹ ènìyàn, ṣùgbọ́n irun orí kì í re nítorí rẹ̀. Ẹ má fi omi gbígbóná jó ibẹ̀, ẹ má sì fi ewé tàbí ìpara kankan kàn án láìbéèrè. Bó bá jẹ́ ọyàn òsì ni, ẹ bi wọ́n bóyá ẹ lè fa èémí sínú kí ẹ sì dá a dúró nígbà tí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́, nítorí ìyẹn máa ń sún ọkàn sẹ́yìn kúrò lójú ìtànṣán.

Ohun tó kọ mí lóminú fún yín jù ni ẹ̀rọ tó máa ń bàjẹ́ lágbedeméjì. Kí ẹ tó san owó, ẹ béèrè ohun tí wọn yóò ṣe bí ó bá dákẹ́: bóyá wọn yóò fi ọjọ́ tó bọ́ kún ìparí ni, tàbí wọn yóò ṣe ẹ̀ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan, tí wákàtí mẹ́fà ó kéré tán yóò sì wà láàárín méjèèjì.