Ẹ ha orí bátìrì yẹn kí ẹ tó fowó ra òmíràn

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú wàhálà mọ́tò. Ẹ ní láàárọ̀, bí ẹ bá ṣíná, á kàn máa dún "kà, kà, kà", iná iwájú á tàn, rédíò á máa sọ̀rọ̀, ẹ́ńjìnnì ò sì ní yí. Rẹ̀wáyà yín ní bátìrì ti kú, bẹ́ẹ̀ ọdún méjì tí ẹ rà á ò tíì pé. Ẹ wá ń bèèrè bóyá búrọ́ọ̀ṣì roboto kékeré tí wọ́n fi ń ha orí bátìrì, ìyẹn òjé méjì tó yọ sókè tí wáyà ń so mọ́, wúlò fún nǹkan kan, àbí sáńdípépà ti tó.

Ó wúlò. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe mọ̀.

Òkè-Baálẹ̀ ni mò ń gbé níbí l'Óṣogbo, Abẹ́rẹ́ ni ibi iṣẹ́ mi. Corolla ògbólógbòó kan ni mò ń wà, onígíà ọwọ́, èyí tó jẹ́ pé bó bá kọ̀, èèyàn ṣì lè tì í. Lọ́jọ́ Ajé kan báyìí, mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì nítòsí Ọláìyá láti ra àkàrà. Mo padà wọ mọ́tò, mo ṣíná: kà! Mo tún un ṣí: kà! Àwọn ọlọ́kadà mẹ́rin ló bá mi tì í, àkàrà ń tutù lórí àga. Gbogbo wọn ló sọ fún mi pé bátìrì ni. Rẹ̀wáyà tí mo kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ náà ní bátìrì ni. Kí ilẹ̀ tó ṣú, mo ti ra tuntun.

Oṣù mẹ́rin ni mo fi jayé. Nígbà tó di àsìkò ọdún Ọ̀ṣun nínú oṣù kẹjọ, tí èrò kún ìlú, tí òjò sì ń wẹ̀ wá lóòrèkóòrè, wàhálà náà padà. Bátìrì tuntun o! Mo ti ń múra àtilọ bá ẹni tó tà á fún mi fa wàhálà. Ọpẹ́lọpẹ́ bàbá kan tó ń ṣe rẹ̀wáyà nítòsí Old Garage. Bàbá ò gbé mítà tí wọ́n fi ń wọn iná, kò gbé irinṣẹ́ kankan. Ọwọ́ lásán ló fi di tẹ́mínà mú, ìyẹn irin tó gbá orí bátìrì mọ́ra, ó yí i, irin náà sì ń yí. Ó tú u, ó ní kí n wo inú ẹ̀. Ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Ó ní, "Ìwọ náà wò ó, ibo ni iná á gbà kọjá?" Ó yọ búrọ́ọ̀ṣì kan lápò, ó yí i nínú tẹ́mínà, ó yí i lórí bátìrì, ó dè é padà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo ṣíná tí ẹ́ńjìnnì gbé e.

Ibẹ̀ ni ojú mi ti là. Nígbà tí mo ra bátìrì tuntun, ọmọ tó bá mi dè é ti fi sáńdípépà nu inú tẹ́mínà kó tó kì í bọ orí bátìrì. Sáńdípépà yẹn ló wo mọ́tò mi sàn, kì í ṣe bátìrì. Èyí àtijọ́ tí mo fi ṣe pàṣípààrọ̀ fún owó táṣẹ́rẹ́, ó ṣeé ṣe kí nǹkan kan má ṣe é rárá. Títí dòní, ó ṣì ń dùn mí.

Ohun tó máa ń tan èèyàn jẹ ni pé iná ń tàn, rédíò ń sọ̀rọ̀. Iná tí oníkálukú wọn ń fà yàtọ̀ síra ni. Gílóòbù iwájú méjèèjì kì í fà ju nǹkan bí ámúpù 10 lọ (ámúpù ni wọ́n fi ń wọn bí iná tó ń kọjá ṣe pọ̀ tó). Ṣítátà mọ́tò kékeré, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń yí ẹ́ńjìnnì nígbà tí a bá ṣíná, lè fa 150. Ká ní ìdọ̀tí tó wà láàárín orí bátìrì àti tẹ́mínà ń dènà iná ní ìwọ̀n ohm 0.01 péré. Gílóòbù á pàdánù fólítì 0.1 níbẹ̀ (fólítì ni ìwọ̀n agbára tó ń ti iná), kò tiẹ̀ ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ṣítátà á pàdánù fólítì 1.5 lójú ibẹ̀ kan náà, bẹ́ẹ̀ sì rèé, bátìrì fúnra ẹ̀ ti máa ń rẹlẹ̀ sí nǹkan bíi 10 tàbí 11 lásìkò tí ṣítátà bá ń fà á. Ẹ wo ẹnu ẹ̀rọ omi tí ìdọ̀tí dí: omi tó ń kán níbẹ̀ tó bu mu, kò tó fọ aṣọ.

Búrọ́ọ̀ṣì náà dà bí agolo àtíkè kékeré, ó sì pín sí méjì. Bí ẹ bá fa ìdérí ẹ̀ yọ, ẹ óò rí búrọ́ọ̀ṣì wáyà tó ṣe ṣóńṣó. Ìyẹn ni ti inú tẹ́mínà. Ní apá kejì, ihò kan wà tí wáyà wẹ́wẹ́ yí inú ẹ̀ ká. Ìyẹn là ń dé lé orí bátìrì bíi fìlà, tí a ó sì máa yí i. Owó ẹ̀ ò tó ohun tí ẹni méjì máa fi jẹ iyán. Oríṣi kan wà tó jẹ́ pé abẹ ló wà nínú ẹ̀ dípò wáyà, ẹ má fowó yín rà á, mò ń bọ̀ wá sórí ìyẹn.

Ní ti sáńdípépà, tí kò bá sí nǹkan míì, ẹ lò ó. Àmọ́ orí bátìrì ò dọ́gba bí ọ̀pá, ìdí ẹ̀ fẹ̀ ju òkè ẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ náà sì ni inú tẹ́mínà. Ibi tí ìka yín bá tẹ̀ nìkan ni sáńdípépà á ha, ibi tó kù á wà bó ṣe wà. Bí ẹ bá ń ra búrọ́ọ̀ṣì, ẹ wo irú orí tí bátìrì yín ní. Olórí ńlá ló wọ́pọ̀, pọ́sítíìfù ẹ̀, orí tó ní àmì +, jẹ́ mìlímítà 17.5 lókè, nẹ́gátíìfù 15.9. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni kí èèyàn má baà dè é sódì. Àwọn mọ́tò Japan kan ń lo olórí kékeré, 14.7 àti 13, búrọ́ọ̀ṣì ńlá á kàn máa yí gbirigbiri lórí ìyẹn ni láìkàn án dáadáa.

Ẹ pa mọ́tò, ẹ bọ́ òrùka àti aago ọwọ́. Nẹ́gátíìfù, èyí tó ní àmì −, ni kí ẹ kọ́kọ́ tú. Lára Corolla tèmi, sípánà 10 ló ń tú u. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yí ètò yìí padà. Pọ́sítíìfù ni èmi kọ́kọ́ tú nígbà àkọ́kọ́ tí mo dá a ṣe, ìdí sípánà lọ kan ara mọ́tò, iná bú jáde bíi ti wẹ́dà. Gbogbo ara mọ́tò ló so mọ́ nẹ́gátíìfù, nítorí náà sípánà mi di afárá láàárín méjèèjì. Sípánà yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi, iná ti bu ẹnu ẹ̀ jẹ. Mo dúpẹ́ pé kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí afẹ́fẹ́ hydrogen tó ń jáde nínú bátìrì, pàápàá èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣáàjì tán, máa ń gbaná, bátìrì á sì bú mọ́ èèyàn lójú. Bí wáyà nẹ́gátíìfù bá ti kúrò lára bátìrì, bí sípánà bá tiẹ̀ kan ara mọ́tò, iná ò ní bú jáde mọ́.

Bí tẹ́mínà bá lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ má fi òòlù gbá a, ẹ má sì fi súkúdíráífà wọ́ ọ sókè. Ìdí orí bátìrì lè là, omi ásíìdì á wá máa sun gba ibẹ̀ jáde. Ẹ la ẹnu tẹ́mínà díẹ̀, kí ẹ máa yí i lọ yí i bọ̀ títí á fi gbà.

Wàyí o, nǹkan funfun tàbí aláwọ̀ búlúù tó ń hù níbẹ̀ bí èyí tó ń hù lára búrẹ́dì tó bu, ẹ má fẹnu fẹ́ ẹ, ẹ má sì tíì ha á ní gbígbẹ. Ásíìdì àti òjé ló wà nínú ẹ̀, òjé sì jẹ́ májèlé. Báàkìn sódà ni wọ́n máa ń ní kéèyàn lò. Ní tèmi o, kán-ún ni. Kán-ún tí ìyàwó mi fi ń se ewédù náà ni mo bù, ṣíbí kan nínú kọ́ọ̀bù omi kan. Bí ẹ bá ti da díẹ̀ sí i, á máa hó yaya. Nígbà tí kò bá hó mọ́, ásíìdì ibẹ̀ ti kú nìyẹn. Kí àwọn ìdérí orí bátìrì wà ní dídé pinpin o, bí kán-ún bá wọ inú ẹ̀, ẹ ti ba omi bátìrì jẹ́. Ẹ fi omi lásán ṣàn án, ẹ fi àkísà nù ún gbẹ, kí ẹ tó mú búrọ́ọ̀ṣì. Kọ́ọ̀bù yẹn ò gbọdọ̀ padà sí ilé ìdáná mọ́.

Àwọn dẹ́rẹ́bà máa ń da Coke sí i. Ó ń ṣiṣẹ́, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ásíìdì lòun náà, ṣúgà ẹ̀ sì ń pe èèrà.

Aṣọ àtijọ́ ni kí ẹ wọ̀. Bùbá àǹkárá kan tí mo wọ̀ ṣe é lọ́jọ́ kan, nǹkan kan ò hàn lára ẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ìgbà tí wọ́n fọ̀ ọ́ tán ló di ajẹ̀rẹ̀. Ìyàwó mi ti ra oògùn eku kí n tó jẹ́wọ́.

Ẹ̀kejì ohun tí mo fi ojú ara mi rí nìyí, òun ló sì jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ abẹ níṣàájú. Nígbà tí mo rí i pé híha ń wo mọ́tò sàn, mo sọ ọ́ di iṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni mo ń ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí búrọ́ọ̀ṣì sọnù, mo ń fi ọ̀bẹ ha á lọ. Òjé ni orí bátìrì, òjé sì rọ̀, ọ̀bẹ ń bẹ́ ẹ bí ẹni bẹ iṣu. Kò pẹ́ tí orí náà tín-ín-rín, mo de nọ́ọ̀tì tẹ́mínà dé òpin, kò gbá a mọ́ mọ́. Rẹ̀wáyà kan gé agolo mílíìkì, ó kì í bọ àárín wọn. Ó ṣiṣẹ́ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn náà mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ òórùn rọ́bà tó ń jó. Ojú tí iná ń gbà kọjá ti kéré jù, ibẹ̀ ń gbóná bí àdògán, ìdí wáyà sì ti ń yọ́. Tẹ́mínà tuntun ni mo padà rà. Búrọ́ọ̀ṣì alábẹ yẹn, iṣẹ́ ọ̀bẹ mi náà ló ń ṣe, ó kàn yára jù mí lọ ni.

Nítorí náà, ẹ yí búrọ́ọ̀ṣì wáyà nígbà mẹ́ta sí mẹ́rin, ẹ wò ó. Bó bá ti ń dán bíi ṣíbí, ó tó. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni mò ń ṣe é báyìí, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ àti nígbà tí ọyẹ́ bá ń wọlé.

Bí ẹ bá ń dè é padà, pọ́sítíìfù ni àkọ́kọ́, nẹ́gátíìfù ni ìkẹyìn. Ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlé dáadáa, kí ẹ de nọ́ọ̀tì títí ọwọ́ ò fi ní lè yí i mọ́, kí ẹ dúró níbẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ wá fi gíríìsì tàbí fasilíìnì díẹ̀ ra ara ẹ̀ lóde, kí omi àti afẹ́fẹ́ má tètè wọ ibẹ̀. Àwọn kan máa ń kì í bọ inú tẹ́mínà kí wọ́n tó dè é, mi ò fara mọ́ ọn. Ẹ fọ ọwọ́ pẹ̀lú ọṣẹ kí ẹ tó fọwọ́ kan oúnjẹ.

Ohun kan wà tó gbà mí tó ọdún kan kí n tó mọ̀. Wáyà nẹ́gátíìfù ní ìdí kejì, tí wọ́n fi bóòtù kàn mọ́ ara mọ́tò àti mọ́ gíábọ́ọ̀sì. Bí ibẹ̀ bá dógùn-ún, "kà kà kà" kan náà lẹ óò máa gbọ́, orí bátìrì ì báà máa dán bíi dígí. Búrọ́ọ̀ṣì roboto ò wọ ibẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì wáyà lásán ni kí ẹ fi ha á.

Bí ẹ bá ní mítà, ẹ fi ẹnu wáyà ẹ̀ kan sórí bátìrì gan-an, èkejì sára tẹ́mínà tó gbá a mọ́ra, kí ẹnì kan bá yín ṣíná. Bí mítà bá kọjá fólítì 0.2, iná ń ṣòfò níbẹ̀. Bí nǹkan funfun bá sì padà láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti fọ̀ ọ́, ẹ wọn bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Bíi 13.8 sí 14.5 ló dáa. Bó bá ti kọjá 15, alternator, ẹ̀rọ tó ń ṣáàjì bátìrì, ń se bátìrì yín bí ẹní se ẹ̀wà ni, búrọ́ọ̀ṣì ò rí nǹkan ṣe sí ìyẹn.

Láàárọ̀ ọ̀la, kí ẹ tó ṣíná rárá, ẹ kọ́kọ́ wọn bátìrì náà. Fólítì 12.6 ni bátìrì tó kún, 12.2 ti lọ sí ìdajì. Bí ẹ bá rí 12.5 sókè tí mọ́tò ṣì ń dún "kà kà kà", ẹ má tíì dá rẹ̀wáyà yẹn lóhùn, ẹ lọ ra búrọ́ọ̀ṣì. Bó bá jẹ́ "kà" kan ṣoṣo ló ń dún lẹ́yìn tí ẹ ti ha gbogbo ẹ̀ tán, ẹ wo ṣítátà. Àmọ́ bí mítà bá sọ 11 àti díẹ̀, tí wọ́n ṣáàjì í mọ́jú tí kò gùn kọjá ibẹ̀, a jẹ́ pé rẹ̀wáyà yín ló tọ̀nà, èmi ni mo ń dí yín lọ́wọ́.